Erinmi Inú Bébà àti Omi Ẹ̀yìn Ọgbà Wa

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan láìpẹ́ yìí, bí a ṣe ń jáde nínú ìsìn, ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Tèmi wá jókòó tì mí. London ni wọ́n bí i sí, ó sì ti ń múra láti yan ohun tó máa kọ́ ní yunifásítì. Màmá rẹ̀ fẹ́ kó ṣe nọ́ọ̀sì bíi tòun. Tèmi ní ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké lòun fẹ́ ṣiṣẹ́, ní nọ́sìrì, níbi tí èmi náà ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì.

"Auntie Bọ́sẹ̀," ló wí, "Mummy ní iṣẹ́ tó o ṣe, colouring lásán ni. Pé all day, o kàn ń kun hippo pẹ̀lú àwọn toddlers. Ṣé true ni?"

Hippo yẹn ni erinmi. Ó fi "o" pè mí níbi tó yẹ kó ti fi "ẹ" pè mí, ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ ibí ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, mi ò bínú sí i. Mo fẹ́ dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju èyí tí a lè fi ìdúró sọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́, fún òun àti fún gbogbo ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo iṣẹ́ kan lọ́ọ̀ọ́kán pé ṣé kí n ṣe é, àbí kí n fi í sílẹ̀.

Òótọ́ ni màmá rẹ̀ sọ. Mo kun erinmi. Mo kùn ún títí irun orí mi fi funfun.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gba àlàyé púpọ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkó, ọ́fíìsì ni mò ń nù ní Woolwich. Ìyá kan nínú ìjọ wa sọ fún mi pé nọ́sìrì kékeré kan ní Thamesmead ń wá ẹni tó máa kún wọn lọ́wọ́. Mo lọ, wọ́n bi mí ní ìbéèrè, wọ́n wádìí mi, wọ́n gbà mí. Owó rẹ̀ kò pọ̀ nígbà náà, kò sì pọ̀ rí títí mo fi kúrò. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Inú gbọ̀ngàn kan tí àwọn ará àdúgbò máa ń lò fún ìpàdé tẹ́lẹ̀ ni nọ́sìrì náà wà. Ọgbà kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, géètì wà lára ọgbà náà, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà níwájú géètì, adágún omi sì wà lódìkejì ọ̀nà. Ẹni tó bá mọ Thamesmead mọ̀ pé omi kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kò tíì sí ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line ní Abbey Wood nígbà yẹn. Bọ́ọ̀sì la fi ń lọ, bọ́ọ̀sì la fi ń bọ̀.

Ọ̀gá mi ni Auntie Verna. Ará Barbados ni, ó ti pẹ́ ní Woolwich kí n tó dé. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í rẹ́rìn-ín sí àgbàlagbà. Àwọn ọmọdé nìkan ló ń rí ẹ̀rín rẹ̀. Òyìnbó ló ń bá mi sọ. Èmi ni mò ń sọ ọ́ di Yorùbá fún yín níbí.

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, Auntie Verna kò jẹ́ kí n jókòó ti ọmọ kankan. Ó ní kí n máa fọ búrọ́ọ̀ṣì, kí n sì máa ṣẹ́ kíréyọ̀n sí méjì. Kíréyọ̀n tuntun, tó ṣì wà nínú páálí rẹ̀, ó ní kí n ṣẹ́ ẹ! Mo rò pé ìyà ló fi ń jẹ mí. Ó pẹ́ kó tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Bí kíréyọ̀n bá gùn, ọmọ kékeré á gbá a mú bí ẹni gbá ọmọ odó mú. Bó bá kúrú, ìka mẹ́ta péré ló máa ráyè dì í mú, ibẹ̀ sì ni ìwé kíkọ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan erinmi.

Ẹ̀rọ fótókópì wà ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n Auntie Verna kò gbà kí a fi ṣe àwòrán àwọn ọmọ. Ó ní ọwọ́ la máa fi yà á, lójú wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé èèyàn ló ń ya àwòrán, kí ó má baà dà bíi pé bébà ló dá a jáde fúnra rẹ̀. Ó ní kò sí ẹranko tó dára fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kíkùn tó erinmi: ikùn rẹ̀ gbòòrò bíi pápá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, etí rẹ̀ kéré, ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Ọmọ ọdún méjì lè ju ọwọ́ síbí, kó jù ú sọ́hùn-ún, kó má sì jáde kúrò lára ẹran náà.

"Ohun tí ọmọ máa kọ́kọ́ ṣe," ló wí, "gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí yóò ṣeé ṣe fún un."

Mo ya àkọ́kọ́. Ó wò ó, ó fà á ya. Mo ya òmíràn, ó ní, "Màlúù nìyí," ó fà á ya. Èyí tó tẹ̀ lé e, ó ní ẹlẹ́dẹ̀ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya erinmi nílé, lẹ́yìn àpò ìwé tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí wa, ọkọ mi á sì máa wò mí bíi pé orí mi ti fẹ́ dàrú. Bẹ́ẹ̀ mi ò fojú kan erinmi rí láyé mi. Lọ́jọ́ tí mo ya ọ̀kan tí Auntie Verna kò sọ nǹkan kan, tó kàn gbé e sórí tábìlì níwájú àwọn ọmọ, mo sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún.

Òun náà ló kọ́ mi bí a ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kan kun erinmi tirẹ̀ ní pupa, mo sì ní, "Rárá o, erinmi kì í pupa." Auntie Verna pè mí wọ ilé ìdáná.

"Ìwọ ti rí erinmi rí?"

"Rárá, mà."

"Òun náà ò rí i rí. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló wá mọ àwọ̀ rẹ̀?"

Kò dúró gba èsì.

"Padà lọ, kí o bi í bí ó ṣe di pupa."

Mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, mo bi í. Ó ní erinmi náà ti pẹ́ jù nínú oòrùn, ìyá rẹ̀ ò fi ìpara pa á lára. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò sọ fún ọmọ kankan mọ́ pé àwọ̀ báyìí ni kó lò.

Ọdún ń gorí ọdún. Mo ti di igbá-kejì Auntie Verna nígbà tí wọ́n mú Tóbi wá sọ́dọ̀ wa. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin ni. Ìyá rẹ̀, Sister Ìyábọ̀, ń lọ láti ilé dé ilé láti tọ́jú àwọn arúgbó. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀. Tóbi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ṣí máka láti ya erinmi, ó ti dé ẹ̀gbẹ́ mi nìyẹn, á fi àgbọ̀n lé etí tábìlì, á máa wo ọwọ́ mi.

Òtútù ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. A ń kun àwòrán lọ́wọ́ ní òwúrọ̀, Tóbi sì bi mí léèrè.

"Auntie, níbo ló ń sùn?"

"Inú omi ni."

"Ṣé kì í cold?"

"Omi tó gbóná ni, Tóbi, ní Africa. Ibẹ̀ jìnnà."

Ó wo adágún láti ojú fèrèsé. Ó padà sídìí bébà rẹ̀, ó ń kùn ún lọ. Mi ò rí nǹkan kan nínú ìyẹn. Ta ni ì bá rí i?

Ọkùnrin kan máa ń gba ọgbà ẹ̀yìn kó oúnjẹ wá fún wa. Ìdè géètì náà ti ń yẹ̀, Auntie Verna sì ti sọ fún àwọn tó ni ilé náà léraléra pé kí wọ́n wá tún un ṣe. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Lọ́jọ́ náà, ọkùnrin náà jáde, ó fa géètì padé lẹ́yìn ara rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, géètì kò sì dè. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré. Nígbà tí a ní kí wọ́n wọlé, a kà wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan dín. A tún wọn kà. Ọ̀kan dín.

Auntie Verna kò pariwo. "Ta ni?"

"Tóbi ni."

"Kí ló bá ọ sọ kẹ́yìn?"

"Ó ń bèèrè ibi tí erinmi ń sùn."

Ojú rẹ̀ yí padà. Kò wá kóòtù, kò wá bàtà tó nípọn, ó sáré gba géètì jáde. Mo fi àwọn ọmọ yòókù lé Sharon lọ́wọ́, ọ̀dọ́bìnrin tó ń bá wa ṣiṣẹ́, mo sì tẹ̀ lé e.

Bébà ni mo kọ́kọ́ rí. Ó léfòó létí adágún, nítòsí àwọn koríko gíga. Ọmọ náà ti mú àwòrán rẹ̀ dání lọ. Òun fúnra rẹ̀ kò sí lókè omi. Aṣọ aláwọ̀ ewé rẹ̀ ló ń hàn fírífírí lábẹ́. Auntie Verna ti wà nínú omi. Obìnrin tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kù fẹ́ẹ́fẹ́, tí kò mọ omi í wẹ̀, ó ń rìn lọ nínú omi tútù yẹn títí ó fi mù ún dé àyà. Ó na ọwọ́, ó gbá aṣọ ọmọ náà mú, ó fà á sọ́dọ̀. Èmi náà wọ inú omi, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, a gbé e sórí koríko.

Ètè rẹ̀ ti dúdú bí aró. Auntie Verna kúnlẹ̀ pẹ̀lú omi tó ń ro lára rẹ̀, ó fi ẹnu bo ẹnu ọmọ náà, ó fẹ́ èémí sí i, ó tẹ àyà rẹ̀, ó tún fẹ́ ẹ. Àwọn tó ń kọjá ti dúró, ẹnìkan ń pe ambulance. Èmi ń ké orúkọ Jésù. Auntie Verna gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan péré.

"Máa gbàdúrà rẹ," ló wí, "ṣùgbọ́n bọ́ súwẹ́tà yẹn, kí o fi wé e."

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo bọ́ súwẹ́tà.

Tóbi wúkọ́. Omi tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó sì bú sẹ́kún, bí ọmọ tí wọ́n jí lójú oorun. Láti ọjọ́ tí mo ti wà láyé, mi ò tíì gbọ́ ohun tó dùn tó ẹkún yẹn.

Wọ́n gbé òun àti Auntie Verna lọ sí ọsibítù. Tóbi tètè gbádùn. Òtútù àyà mú Auntie Verna, kò sì tún jẹ́ kí èémí rẹ̀ já gaara mọ́. Wọ́n ti nọ́sìrì wa pa, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣèwádìí. A sọ ọ̀rọ̀ géètì, a sọ iye ìgbà tí a ti kígbe sí àwọn onílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Auntie Verna, ohun tó sọ fún wọn ni pé, "Èmi ni mò ń ṣí ilẹ̀kùn láràárọ̀, èmi ni mò ń tì í. Orúkọ mi ni kí ẹ kọ."

Mo bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka síra wa, wọn ò ní ṣí ibẹ̀ mọ́ láé.

Ní tèmi, mo ti pinnu pé mi ò padà síbẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ tí omi ń dà nínú ilé, àyà mi á já. Mo lọ bá ilé ìtajà kan sọ̀rọ̀ ní Powis Street, wọ́n ní kí n wá máa ká aṣọ fún wọn. Aṣọ kì í sá lọ sínú omi.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn wa ní Thamesmead North. Mo ṣí i, Sister Ìyábọ̀ ni. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà.

"Auntie Bọ́sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ ju ẹni tó yẹ kó kúnlẹ̀ fún mi lọ."

Mo dìde, mo ní kó wọlé. Ó jókòó sétí àga, kò bọ́ kóòtù rẹ̀.

"Mi ò ní purọ́ fún yín," ló wí. "Inú bí mi. Inú ṣì ń bí mi. Bí mo bá ń wẹ̀ fún Tóbi, mi ò jẹ́ kí omi kọjá ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn èèyàn ní kí n pe lọ́yà."

Mo ní, "Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo lọ síbi omi yẹn fúnra mi. Mo dúró síbẹ̀, mo wò ó. Mo ní, inú èyí ni ìyá àgbà yẹn rìn wọ̀, fún ọmọ tí kò bí. Auntie, èmi tí mo bí i, mo wà ní Plumstead lọ́jọ́ náà, mò ń bọ́ ìyá ẹlòmíràn. Ìyá ẹlòmíràn ló wọ omi fún ọmọ tèmi." Ó nu ojú rẹ̀. "Tóbi ń bèèrè yín. Ó ń bèèrè lójoojúmọ́. Ìgbà wo lẹ máa ṣí?"

Mi ò lè sọ fún un pé mo ti gba iṣẹ́ aṣọ kíká. Mo ní, "Bí wọ́n bá ti gbà wá láyè."

Nígbà tí wọ́n gbà wá láyè, géètì tuntun ti wà níbẹ̀, pẹ̀lú òmíràn nínú ọgbà. Èmi ni wọ́n fi sí ipò Auntie Verna. Ọ̀pọ̀ òbí kò mú ọmọ wọn padà wá, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Láàárọ̀ tí a ṣí, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀nà dá páropáro. Ẹni àkọ́kọ́ tó yọ ní kọ̀rọ̀ ni Sister Ìyábọ̀, ó di Tóbi lọ́wọ́ mú, ó ń rìn láàárín ọ̀nà gan-an, kí gbogbo èèyàn lè rí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá, díẹ̀díẹ̀.

Mi ò ya erinmi ní gbogbo àsìkò yẹn. Òdòdó ni mò ń yà, ilé, mọ́tò. Tóbi fúnra rẹ̀ ló wá fà mí láṣọ pé, "Auntie, hippo ńkọ́?" Mo mú máka. Mo yà á. Ó kùn ún dáadáa, ó ní kí n gbé e fún Auntie Verna.

Mo gbé e lọ sí Abbey Wood, sí ilé kékeré tó ń gbé. Ó ti rù, ó sì ń mí bí ẹni tó ń gun òkè. Ó gba bébà náà, ó gbé e súnmọ́ fèrèsé, ó wò ó pẹ́.

"Ta ló yà á?"

"Èmi ni, mà."

"Etí rẹ̀ ti tóbi jù," ló wí. Ó tún wò ó. "Ṣùgbọ́n o yà á."

Kò pẹ́ sígbà náà tó fi kú. A sin ín ní òwúrọ̀ tí òjò ń rọ̀. Sister Ìyábọ̀ àti ọkọ rẹ̀ wá. Wọ́n mú Tóbi dání, ó wọ táì dúdú kékeré kan. Nígbà tó yá, wọ́n kó kúrò ní London. Mo gbọ́ pé ó ti dàgbà, ara rẹ̀ sì le.

Ayé yí, irinṣẹ́ wa náà yí. A bẹ̀rẹ̀ sí í lo fótókópì, erinmi kan náà, ẹ̀dà lórí ẹ̀dà, títí ilà ẹnu rẹ̀ fi pòórá. Lẹ́yìn náà, orí kọ̀ǹpútà la ti ń fà wọ́n jáde: erinmi tó wọ bàtà, erinmi tó mú fèrè dání. Àwọn òbí ń fẹ́ fọ́tò gbogbo nǹkan lórí fóònù wọn. Níkẹyìn, tábúlẹ́ẹ̀tì dé. Ọmọ á fi ìka kàn án, àwọ̀ á kún inú erinmi náà lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn kan á pariwo, "Well done!" Mo kórìíra rẹ̀, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́.

Àfi ìgbà tí wọ́n mú ọmọ kan wá tí iṣan ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Bó ti wù kí kíréyọ̀n kúrú tó, kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Fúnkẹ́, ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ níṣẹ́, gbé tábúlẹ́ẹ̀tì síwájú rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ìka kàn án, erinmi di búlúù. Ó wo ojú gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún kàn án, ó di yẹ́lò. Títí ìyá rẹ̀ fi dé ló ń yí àwọ̀ padà. Láti ìgbà náà ni mo ti pa ẹnu mi mọ́ lórí ọ̀rọ̀ irinṣẹ́. Mo rò pé Auntie Verna pàápàá ì bá ti ní kí wọ́n rà á.

Tèmi, ohun tí mo ní fún ọ nìyí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dára, màmá rẹ kò sì fẹ́ ibi fún ọ. Bí o bá ń wá iṣẹ́ tí wọ́n á ti máa yìn ọ́, má wá sọ́dọ̀ wa. Ọmọ ọdún mẹ́ta kì í rántí. Ohun tí o bá ṣe fún un á wọ inú ara rẹ̀ bí òjò ṣe ń wọ ilẹ̀, kò ní mọ ibi tó ti wá. Mo máa ń pàdé wọn ní Powis Street, wọ́n ti ga jù mí lọ, wọ́n á yà fún mi bí wọ́n ṣe ń yà fún ìyá àgbà èyíkéyìí. Mo mọ orúkọ wọn, mo sì ń jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ṣùgbọ́n bí o bá ṣì fẹ́ ṣe é, igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: láràárọ̀, kí o tó mú kíréyọ̀n, kọ́kọ́ lọ fọwọ́ mi géètì.

Oríkèé ọwọ́ mi ló ní kí n sinmi. Lọ́jọ́ tí mo lò kẹ́yìn, mo sọ fún wọn pé mi ò fẹ́ àríyá. Mo jókòó ti ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Asha, ọmọ àwọn ará Nepal kan. Ó ti sunkún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà tó kọ́kọ́ dé, àyàfi bí mo bá jókòó tì í. Ó ń kùn, mò ń wò ó. Láìgbójú sókè, ó ní:

"Ṣé o máa wá ní Monday?"

Fúnkẹ́ ń ṣẹ́jú sí mi láti òkèèrè pé kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá purọ́ fún á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa retí.

"Rárá, Asha. Mi ò ní wá mọ́."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ta ló wá máa wá?"

"Auntie Fúnkẹ́."

Ó yíjú wo Fúnkẹ́. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bí àgbàlagbà ṣe ń wo ilé tó fẹ́ gbà.

"Okay," ló wí, ó sì ń kùn lọ.

Mo dúró díẹ̀, bóyá á tún wò mí. Kò wò mí. Ó ti gbájú mọ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Mo rọra dìde kí àga má baà dún, mo mú báàgì mi, mo sì lọ sílé.